Ẹ Gé Kọ́ráàlì Yín Kó Tó Kún Táǹkì

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ táǹkì omi òkun nílé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo máa ṣe tí kò fi ní kú?" Ìbéèrè gidi ni, torí kọ́ráàlì wọ́n, omi rẹ̀ gba sùúrù, iná tó ń jẹ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹni tó bi mí pé tí ò bá wá kú ńkọ́, tó ń dàgbà, tó ń dàgbà, tó gba gbogbo ibi tó yẹ kí ẹja máa gbà kọjá, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà lọ́kàn mi lónìí, torí púpọ̀ nínú àwọn táǹkì tó ti pẹ́ tí mo rí tó bàjẹ́, àpọ̀jù ló bà wọ́n jẹ́, kì í ṣe àìsàn.

Gúúsù ìlà-oòrùn London ni mò ń gbé, pálọ̀ ni táǹkì mi wà. Lọ́dún àkọ́kọ́, òkúta ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹni tó bá wá kí wa á wò ó títí, á ní ṣé kò yẹ kí nǹkan pọ̀ nínú ẹ̀ ju báyìí lọ ni. Kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Montipora capricornis, ìyẹn èyí tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń ká róbótó síta, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì iwájú. Green star polyp, èyí tó ń tẹ́ bí ẹní, ti gba gbogbo gíláàsì ẹ̀yìn. Hammer, kọ́ráàlì kan tí orí ọwọ́ ẹ̀ rí bí òòlù, tí mo rà ní orí méjì ti di ìdì ńlá tí n kì í kà mọ́. Àlejò á pariwo pé ó mà rẹwà o, ó dẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Èmi tí mo mọ ohun tí mò ń wò, ibi tó ṣókùnkùn lojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ: abẹ́ Montipora yẹn, ìdí Acropora, ìyẹn kọ́ráàlì oníẹ̀ka, tó wà lẹ́yìn ẹ̀, àárín àwọn ẹ̀ka tí omi ò fẹ́ já mọ́.

Ẹ jẹ́ n yára ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Kọ́ráàlì kì í ṣe òdòdó, kì í ṣe òkúta, ẹranko ni. Ẹranko kéékèèké tí wọ́n ń pè ní polyp, ẹnu kan, ikùn kan, ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu yẹn ká, àìmọye wọn ló máa so mọ́ra tá a fi ń rí i ní ẹyọ kan. Ewé omi kan tí ojú lásán ò lè rí ń gbé nínú ẹran ara wọn, òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà, ó dẹ̀ ń fún onílé ẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn sì lè tó ìdá 90 nínú 100 agbára tí kọ́ráàlì ń lò. Àwọn tó ní eegun á tún máa fa kálísíọ́ọ̀mù àti kábónéètì látinú omi, wọ́n á máa fi mọ eegun sábẹ́ ara wọn, ipele lórí ipele. Torí pé ọ̀pọ̀ ló kóra jọ tá à ń pè ní ọ̀kan, kò sí ìwọ̀n kan tó máa dé tá a máa sọ pé ó ti di àgbà, kó wá dúró. Ajá á dàgbà, á dúró. Èyí ò ní ibi ìdúró. Tó bá ti rí ìmọ́lẹ̀, tó rí omi tó mọ́, tó rí ohun tó máa fi mọ eegun, á máa lọ ni.

Wọn ò dẹ̀ jọ ń sáré bákan náà, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Acropora cervicornis ti òkun Kàríbíà lè gùn sí i ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ láàárín ọdún kan, àwọn Porites tó rí rìbìtì yẹn, bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré ni tiwọn. Nínú òkun, àyè wà. Nínú táǹkì, àwa la fi èyí tó ń sáré àti èyí tó ń rọra sórí òkúta kan náà, torí lọ́jọ́ tá a rà wọ́n, ìwọ̀n àtàǹpàkò làwọn méjèèjì.

Àwọn àgbà tó bá wá kí mi máa ń bèèrè bóyá iyùn tí àwọn ọba wa ń wọ̀ nìyí. Rárá o, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀kan náà. Iyùn pupa yẹn, Corallium rubrum ni, inú òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ ló máa ń gbé, kò ní ewé omi kankan nínú ara tó ń bọ́ ọ, sísanra ẹ̀ kì í tó mílímítà kan lọ́dún. Ìdí nìyẹn tó fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tèmi, iná tí mo tàn sórí wọn ló ń lé wọn eré.

Ìyá mi, Abẹ́òkúta ni wọ́n wà, wọ́n rí mi lórí fídíò fóònù níbi tí mo ti ń gé Montipora, wọ́n lọgun, "Ha! Nǹkan tó o fowó rà? Ṣé o ò ní pa á báyìí?" Mo ní, "Mọ́mì, kò ní kú, ibi tí mo gé á jinná, èyí tí mo gé kúrò náà máa di odidi tiẹ̀." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Igi pákí nìyẹn nù-un." Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ò tíì rí èyí tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gé igi pákí, ẹ tì í bọlẹ̀, á hu, òun àti èyí tẹ́ ẹ gé e lára ẹ̀ ò ní ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ráàlì rí. Nínú òkun, ìjì ló máa ń ṣẹ́ ẹ, ẹ̀ka tó ṣẹ́ á bọ́ sí ibòmíràn, á lẹ̀ mọ́ òkúta, á bẹ̀rẹ̀ ìdílé tiẹ̀, ọ̀nà kan pàtàkì tí Acropora cervicornis fi ń pọ̀ sí i nìyẹn. Ẹja parrotfish náà máa ń fi eyín gé e. Pálọ̀ tèmi ò ní ìjì, kò ní parrotfish, èmi náà ni mo máa ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Ohun àkọ́kọ́ tí kíkún máa ń fà ni ìjà. Ẹ má jẹ́ kí bí wọ́n ṣe jókòó jẹ́ẹ́ yẹn tàn yín. Tílẹ̀ bá ṣú, Galaxea, kọ́ráàlì eléegun kan, á na àwọn ọwọ́ kan jáde tí a ò rí lọ́sàn-án, tín-ín-rín, funfun, ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, á máa fi tọ́ káàkiri, ohun tó bá kàn á ta á. Hammer àti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tó ń jẹ́ torch náà ń ta. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ta, ńṣe ni wọ́n máa tú nǹkan inú ikùn wọn síta, wọ́n á dà á bo aládùúgbò wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ níbi tó wà. Judith Lang, onímọ̀ nípa kọ́ráàlì, ló ṣàlàyé eléyìí dáadáa láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní Jàmáíkà, ọdún 1971 ni ìwé àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde, ó fi hàn pé àwọn kọ́ráàlì ní ipò láàárín ara wọn, ẹni tó lè jẹ ẹni wà, ẹni tí wọ́n máa jẹ wà, kì í dẹ̀ ṣe ẹni tó tóbi jù ló máa ń borí. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi gan-an, torí kò sí bí mo ṣe máa kan fojú wò ó kí n mọ ẹni tó lágbára.

Àwọn tí ò ní eegun, leather àti àwọn bíi tiẹ̀, kẹ́míkà ni wọ́n fi ń jà. Wọ́n á tú u sínú omi, omi á gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tiẹ̀ sún mọ́ wọn rárá, Acropora tó wà ní òdìkejì táǹkì ò ní fẹ́ yọjú mọ́, ẹ ò ní mọ ìdí ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n máa fi èédú tó ń fa kẹ́míkà mọ́ra sínú fíltà nígbà gbogbo, n kì í yọ ọ́ láìfi òmíràn rọ́pò. Bí leather bá ṣe ń tóbi sí i ni kẹ́míkà yẹn ń pọ̀ sí i nínú ìwọ̀n omi kan náà. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó rí ìlà funfun lára kọ́ráàlì Favia ẹ̀, kó má tíì sáré lọ ra oògùn, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ti sún mọ́ ọn láti oṣù tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ìjà yẹn, ojú ń rí i. Èyí tó ń dùn mí jù ni èyí tí ojú ò rí, ìyẹn omi. Nígbà tẹ́ ẹ gbé pọ́ǹpù sínú táǹkì, òkúta lásán ló wà níbẹ̀, omi ń lọ ó ń bọ̀, ó ń gba gbogbo kọ̀rọ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, pọ́ǹpù náà ni, agbára ẹ̀ ò yí padà, àmọ́ omi ò débi tó ń dé mọ́ torí kọ́ráàlì ti dí ọ̀nà. Láàárín ìdì hammer, ìdọ̀tí á máa jókòó. Lábẹ́ Montipora, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á máa kó jọ. Acropora tó ti di igbó, àwọn ẹ̀ka inú ò rí omi, wọn ò rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti ìdí lọ sókè, ẹni tó ń wò ó látòkè ò ní mọ̀ torí orí ẹ̀ ṣì ń dán yanran. Mo ti gbọ́ tí èèyàn ń sọ pé "ó kàn ṣàdédé kú ni", kò ṣàdédé, ìdí ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, màá tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ní ìsàlẹ̀, ibi tí ojú ò kì í dé lọ́sàn-án. Ẹ tún mú ọ̀pá kan tó ní rọ́bà lórí, ẹ fi fẹ́ omi sí àárín àwọn ẹ̀ka, tí ìdọ̀tí bá jáde gùdùgùdù, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn, ẹ wá nǹkan gé.

Èkejì tí ojú ò rí ni ebi. Omi òkun ní alkalinity, ìyẹn ìwọ̀n kábónéètì tí wọ́n fi ń mọ eegun, tó tó nǹkan bíi 7 dKH (dKH la fi ń wọ̀n ọ́n), kálísíọ́ọ̀mù ẹ̀ sún mọ́ mílígírámù 420 nínú lítà kan, èmi máa ń gbìyànjú kí tèmi wà láàárín 7 sí 9, kí kálísíọ́ọ̀mù wà láàárín 400 sí 450. Nígbà tí kọ́ráàlì kéré, pípààrọ̀ omi nìkan tó. Nígbà tí wọ́n bá kún, táǹkì tó kún fún àwọn eléegun lè jẹ 2 dKH lóòjọ́ kan ṣoṣo, tí pọ́ǹpù tó ń kán oògùn alkalinity àti kálísíọ́ọ̀mù sínú omi bá dákẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ rìnrìn àjò, ẹ máa bá wàhálà ńlá nílé. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ wá nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gé púpọ̀, ebi yẹn náà á dínkù lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fi oògùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀, alkalinity á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àwọn Acropora tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí ọgbẹ́ wọn ò tíì jinná, á jóná lórí. Ẹ dín in kù lọ́jọ́ kan náà, ẹ máa yẹ omi wò lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ fẹ́ dán an wò, tí iná ń ṣe ségesège, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa lọ. Gbogbo ohun alààyè inú táǹkì ló ń mí, tí iná bá lọ, pọ́ǹpù dúró, atẹ́gùn inú omi ò ní rọ́pò. Táǹkì tó kún fọ́fọ́ á tán atẹ́gùn ẹ̀ kíákíá ju èyí tó ní àyè lọ. Pọ́ǹpù atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì ò wọ́n, ẹ ní in, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí táǹkì kún débi pé wákàtí díẹ̀ láìsíná ló máa pa gbogbo ẹ̀.

Ó yá, gígé. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń dúró títí gbogbo ẹ̀ á fi di igbó, kí wọ́n wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo gé e bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló dáa, ní gbogbo ìgbà, kọ́ráàlì kan lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N kì í gé ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lára ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Màá ti bu omi táǹkì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, màá pa pọ́ǹpù, èyí tó bá ṣeé gbé jáde màá gbé e jáde, mi ò ní jẹ́ kí omi ọgbẹ́ wọn dà padà sínú táǹkì.

Acropora rọrùn jù. Sísọ́ọ̀sì líle tí wọ́n fi ń gé eegun, ẹ ki ẹ̀ka yẹn bọ ẹnu ẹ̀, ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan, kó má fọ́ yángayànga. Ẹ gé láti àárín, kì í ṣe orí nìkan, torí àárín lomi fẹ́ gbà kọjá. Tẹ́ ẹ bá ń gé orí nìkan, ẹ̀ka tuntun méjì mẹ́ta lè yọ síbi tẹ́ ẹ gé, á tún wá ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Montipora pẹrẹsẹ, ọwọ́ lásán lè ṣẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ rọra, eegun ẹ̀ tín-ín-rín, tó bá fọ́ sílẹ̀ nínú táǹkì gbogbo ẹ̀rún tó bọ́ sáàárín òkúta ló máa hu.

Hammer àti torch lẹ gbọ́dọ̀ fojú sí. Àwọn tó ní ẹ̀ka, orí kọ̀ọ̀kan wà lórí ọ̀pá tiẹ̀, ẹran ara ẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, eegun òkú ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gé e, jìnnà sí ẹran ara, kó tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ fẹ́ omi sí wọn kí wọ́n wọlé sínú eegun wọn kẹ́ ẹ tó gbé wọn síta. Ìdì tó bá tóbi, ayùn oníná tó ń lo omi ló dáa jù, sísọ́ọ̀sì lè là á dé òkè. Èyí tí kò ní ẹ̀ka, tó gùn lọ gbọọrọ ní ìlà kan, èmi ò lè gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ gé e. Ẹran ara kan ṣoṣo ló gba gbogbo ẹ̀ já, tí ọgbẹ́ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, gbogbo ẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ gbé e lọ síbi tó ní àyè, tàbí kẹ́ ẹ fún ẹni tí táǹkì ẹ̀ fẹ̀.

Leather, ẹ lè gé orí ẹ̀ kúrò pátápátá pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú, ọ̀pá tó kù nílẹ̀ á tún yọ orí tuntun. Àmọ́ á tú omi tó ń fà jáde lára, á rùn, ẹ ṣe é nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, ẹ fi omi òkun mìíràn ṣan án kó tó padà sínú táǹkì, ẹ pààrọ̀ èédú fíltà lọ́jọ́ yẹn. Súpà gúlù ò lè mú un, ó ń yọ̀ jù, ẹ fi igi ìtayín gún un tàbí kẹ́ ẹ fi rọ́bà so ó mọ́ òkúta kékeré títí táá fi lẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn eléegun, súpà gúlù tó ki yẹn tó fún wọn, inú omi gan-an ló máa ń gan.

Mushroom, èyí tó rí bí olú, àti green star polyp, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ẹ̀rún kékeré tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lára òkúta ló máa tún padà kún. Green star polyp, mo máa ń ṣí i kúrò lára gíláàsì ní odindi, ọ̀bẹ pẹrẹsẹ ni mo fi ń ti ìsàlẹ̀ ẹ̀, á ká wálẹ̀. Lórí òkúta kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní gíláàsì ẹ̀yìn nìkan ni ibùgbé ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fò sórí òkúta ńlá ni mo ń gé etí ẹ̀.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá pàápàá. Palythoa, àti àwọn kan lára zoanthid, ìyẹn mọ̀lẹ́bí kọ́ráàlì tó ń hù bíi bọ́tìnì lórí òkúta, ní oró kan nínú tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Nítòsí Hana, ní Hawaii, ni wọ́n ti rí i, 1971 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Moore àti Scheuer, yà á sọ́tọ̀, ọ̀kan lára àwọn oró tó le jù tí wọ́n mọ̀ láyé ni. Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan tẹ́ ẹ bá kàn ń wò ó nínú táǹkì. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gé e, tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, tẹ́ ẹ da omi gbígbóná sí i, tàbí tẹ́ ẹ sè òkúta tó wà lórí ẹ̀, ìgbà yẹn ló ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ní Steventon, ní Oxfordshire, lọ́dún 2018, ìdílé kan dèrò ọsíbítù lẹ́yìn tí wọ́n fọ táǹkì wọn, àwọn panápaná tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ náà gba ìtọ́jú. Ní Alaska náà, àjọ ìlera CDC ti Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa àwọn tó fà á símú nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù láàárín 2012 sí 2014. Ẹnu á máa ṣe bí ẹni tó lá irin, ibà, ikọ́, èémí tó ń ṣòro.

Torí náà ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, awò tó bo ojú pátápátá, fèrèsé ní ṣíṣí, kò sí ọmọ nítòsí, ẹ má ṣe é nínú kíṣìnì, ẹ má lo abọ́ oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa Palythoa tó kún òkúta, ẹ má sè é láéláé. Ẹ gbé òkúta náà jáde ní odidi sínú omi tẹ́ ẹ ti fi bleach sí, níta gbangba, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Tí ara bá ṣe yín bákan lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ lọ sọ́síbítù, ẹ sì dárúkọ ẹ̀ fún dókítà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa rò ó.

Níbo wá ni gbogbo ohun tá a gé ń lọ? Kì í ṣe òkun, kì í ṣe odò, kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́bàá ọgbà ìjọba Mochima ní Fenesúélà, Unomia stolonifera, kọ́ráàlì rírọ̀ kan tí kì í ṣe ti àgbègbè yẹn rárá, ti tẹ́ bo ilẹ̀ òkun, ó bo kọ́ráàlì tó bá níbẹ̀, àwọn onímọ̀ dẹ̀ ní òwò táǹkì ilé ló gbé e débẹ̀. Ohun tó ń ṣe nínú táǹkì wa gan-an ló ṣe nínú òkun odidi orílẹ̀-èdè, níbi tí kò sí ẹni tó máa mú sísọ́ọ̀sì. Èyí tí mi ò bá rí ẹni fún, màá jẹ́ kó gbẹ pátápátá kó tó lọ sínú ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbà á máa ń wà. Nígbà tí ìjọba Indonéṣíà dá kíkó kọ́ráàlì ránṣẹ́ sókè òkun dúró ní 2018, tí kò dẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ títí di 2020, ọ̀dọ̀ ara wa la ti ń rí ẹ̀ka, láti pálọ̀ kan sí òmíràn. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn, torí gbogbo ẹ̀ka tó kúrò nínú táǹkì mi lọ sí ti ẹlòmíì, wọn ò ṣẹ́ ẹ nínú òkun. Òkun ọ̀hún náà ò ní okun mọ́. Oṣù kẹrin 2024 ni NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé kọ́ráàlì ti ń funfun káàkiri àgbáyé nígbà kẹrin, ooru omi ló fà á.

Iṣẹ́ gígé yìí náà làwọn kan fi ń tún un ṣe. Ní Florida Keys, David Vaughan tó wà ní Mote Marine Laboratory nígbà náà rí i pé kọ́ráàlì elkhorn tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sí wẹ́wẹ́ ń dàgbà kíákíá ju èyí tó wà lódidi lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé kọ́ráàlì sí kékeré, wọ́n á tò wọ́n sún mọ́ra lórí òkúta kan, àwọn tó wá láti ara ìyá kan náà á pàdé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan. Nítòsí wa níbí náà, ní Forest Hill, ní mùsíọ́ọ̀mù Horniman, Jamie Craggs àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣètò ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ti òṣùpá àti ìgbóná omi fún kọ́ráàlì inú táǹkì, 2013 ni wọ́n tú ẹyin nígbà tí wọ́n ṣètò pé kí wọ́n tú u. Láti Peckham dé ibẹ̀ ò ju ìrìn bọ́ọ̀sì kékeré lọ. Nígbà tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé kékeré kan kọ ohun tí mo gé, ìgbà tí mo gé e, àti ẹni tó gbé e lọ, torí tí tèmi bá kú lọ́la, mo mọ ilé tí mo ti lè rí irú ẹ̀ kan náà padà.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tò táǹkì ẹ̀ ló lè gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ béèrè bó ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe bó ṣe tóbi nísìn-ín. Ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta. Àwọn tó ń tàn kálẹ̀, òkúta tiwọn ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, kí yanrìn yí i ká, wọn kì í fẹ́ gba orí yanrìn kọjá. Xenia, mo mọ̀ pé bó ṣe ń ṣí tó ń padé yẹn dùn ún wò, mi ò ní gbà kó wọ táǹkì mi, torí mo ti rí táǹkì àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ pé òun nìkan ló kù síbẹ̀.

Mo máa gé Montipora yẹn àti díẹ̀ lára hammer lóṣù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní àgbègbè wa tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ̀ka, ẹ kọ̀wé sí mi, n ò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé kúlà dání kí omi má tutù lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ rì í sínú oògùn ìfọkọ́ráàlì kó tó wọ táǹkì yín, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé tèmi mọ́, ẹ fi sí ìsàlẹ̀ níbi tí iná ò ti pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wá máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa fi í sí, kó jìnnà sí ohun gbogbo tẹ́ ẹ fẹ́ràn, torí tó bá ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tẹ́ ẹ máa fún.